Ikú tí Ẹnikẹ́ni Kò Wádìí: Àgbéyẹ̀wò Ààbò Aláìsàn ní Ilé Ìwòsàn

Bí òkú bá ti kúrò ní wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń kù nílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan á ní àmúwá Ọlọ́run ni, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn á ní dókítà yẹn ló pa á, wọ́n á sì máa ṣépè. Lójú tèmi, ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹni tó ti gbà pé Ọlọ́run ló mú un wá kò ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín aago méjì òru sí aago mẹ́rin. Ẹni tó ti mọ ẹni tó pa á náà kò ní béèrè. Aláìsàn tó máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn lọ́la ló máa jìyà ìbéèrè tí a kò béèrè.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ń pè ní ààbò aláìsàn kò lọ́jú pọ̀ rárá: kí ẹni tó gbé àìsàn kan wá sílé ìwòsàn má kó òmíràn kún un lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wò ó. Abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn tí wọ́n gún un, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá tirẹ̀ mu, aṣọ ìnujẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú ikùn, egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ dá síni nídìí, kòkòrò àrùn tó gba ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ wọlé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí èémí rẹ̀ dáwọ́ dúró lórí àga nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń wá owó káàdì kiri náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú aláìsàn 10 tó bá wọ ilé ìwòsàn, ó tó 1 tí ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ń pa lára. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó àti àwọn tó wà ní agbedeméjì, ìṣirò tó jáde ní 2018 ní irú ìpalára bẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù 134 lọ́dún, ó sì ń lọ́wọ́ nínú ikú ènìyàn mílíọ̀nù 2.6. Kí ẹnikẹ́ni má gba iye wọ̀nyí bí owó tí a kà lórí tábìlì o, ìṣirò ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tó ní àṣìṣe ìtọ́jú ń pa láti 44,000 dé 98,000 ènìyàn lọ́dún nínú àwọn ilé ìwòsàn wọn, ariwo sì ta. Ní 2016 àwọn kan gbé e dé 250,000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Èmi náà wà lẹ́yìn wọn: ẹni tí àìsàn ti ń gbé lọ, tí àṣìṣe wá bá a lọ́nà, kò rọrùn láti mọ èyí tó pa á nínú méjèèjì. Iye náà kọ́ ni mo tilẹ̀ ka ìwé 1999 yẹn kún fún. Ó mú ojú kúrò lára ẹni tó ṣe àṣìṣe, ó gbé e sára bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tó mú kí ojú àwọn ará Amẹ́ríkà là. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, obìnrin kan tó ń kọ ìròyìn ìlera fún ìwé ìròyìn Boston Globe kú ní Dana-Farber, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tó lórúkọ káàkiri ayé. Oògùn tó yẹ kí wọ́n pín sí ọjọ́ mẹ́rin, odindi rẹ̀ ni wọ́n ń fún un lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ayédèrú dókítà lẹ́yìnkùlé. Dókítà ló kọ ọ́, àwọn apòògùn pò ó, àwọn nọ́ọ̀sì fi sí i lára, gbogbo wọn ló kàwé, gbogbo wọn ló mọṣẹ́. Ó sì kú tán, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àṣìṣe ló ṣẹlẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1995 ni òṣìṣẹ́ kan tó ń kó àkọsílẹ̀ ìwádìí sínú kọ̀ǹpútà rí i pé iye oògùn tó wà nínú ìwé yẹn kò bójú mu. Ẹ wò ó: àkọsílẹ̀ ló tú àṣírí náà. Bí kò bá sí i, àmúwá Ọlọ́run nìyẹn náà ì bá jẹ́, nítorí àrùn jẹjẹrẹ kúkú ló gbé e wọ ilé ìwòsàn.

James Reason, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Manchester, fi wàrà àwọn ará Switzerland ṣàlàyé irú nǹkan báyìí. Wàrà yẹn máa ń ní ihò lára. Bí a bá gé e ní abala abala, tí a tò ó tẹ̀léra, ihò abala kan kì í sábà ṣe déédéé pẹ̀lú ti èkejì, nítorí náà ohun tó bá gba ihò kan kọjá, abala tó tẹ̀ lé e á dá a dúró. Dókítà jẹ́ abala kan, apòògùn jẹ́ abala kan, nọ́ọ̀sì, láàbù, ìwé tí a fi ń kọ oògùn, aláìsàn fúnra rẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí tó jókòó tì í. Ọjọ́ tí gbogbo ihò bá bọ́ sójú kan náà ni ènìyàn ń kú. Bí a bá lé ẹni tó dúró sídìí abala ìkẹyìn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ihò yòókù ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn aláṣẹ àti ilé ẹjọ́ kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2011, ọmọdé ọlọ́dún mẹ́fà kan kú ní Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí àkóràn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọn kò tètè mọ̀. Dókítà Hadiza Bawa-Garba ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìsinmi ìbímọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé, iṣẹ́ ẹlòmíràn wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kò sí nítòsí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà sì dákú lọ́jọ́ náà tó fi jẹ́ pé èsì láàbù pẹ́ kó tó dé. Ó ṣe àṣìṣe, àwọn kan nínú rẹ̀ burú, òun náà kò sẹ́. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìpànìyàn nípasẹ̀ àìbìkítà ní 2015. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní oṣù Kìíní ọdún 2018, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá a padà ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. N kò ní kí ìyá ọmọ náà má sunkún, n kò sì ní kí ó má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn dókítà kékeré káàkiri Britain pé ohun tí wọ́n bá kọ nípa àṣìṣe ara wọn láti fi kẹ́kọ̀ọ́ lè di ẹ̀rí tí wọ́n máa fi mú wọn. Bí ẹ̀rù bá ti gba ọwọ́ òǹkọ̀wé, àwọn abala tó kù di afọ́jú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ti ṣe òfin lẹ́yìn ìwádìí tí agbẹjọ́rò Robert Francis ṣe lórí ìtọ́jú tí kò dára ní ilé ìwòsàn Mid Staffordshire, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2013. Láti 2014, dandan ni kí ilé ìwòsàn sọ fún aláìsàn tàbí mọ̀lẹ́bí bí ìtọ́jú bá pa á lára, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Òfin náà dára. Bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Àtúnṣe tó ti pẹ́ jù ni ọwọ́ fífọ̀. Ní Vienna ní 1847, Ignaz Semmelweis rí i pé wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí tí àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń bójú tó ń pa abiyamọ ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ fíìfíì. Ibi tí wọ́n ti ń la òkú ni àwọn dókítà ti ń bọ̀ wá gbẹ̀bí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi apakòkòrò fọwọ́, ikú tó ń pa bíi 1 nínú 10 sì já wá sí nǹkan bíi 2 nínú 100. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ló ń gbé ikú kiri. Lọ́dọ̀ tiwa lónìí, kò sí dókítà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ omi ló gbẹ. Nọ́ọ̀sì tó ní aláìsàn ogún lọ́rùn, tí omi rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀mù ní òpin wọ́ọ̀dù, tí jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi borehole kò sì ní dísù, ìwàásù kọ́ ló nílò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ̀nà tí a fi ń po ọtí ìfọwọ́ jáde, àwọn apòògùn ilé ìwòsàn lè pò ó fúnra wọn, kí wọ́n gbé ìgò kan kọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan.

Ìwé àyẹ̀wò ló gbayì jù nínú ogún ọdún sẹ́yìn. Ní ìpínlẹ̀ Michigan, Peter Pronovost fún àwọn dókítà ní ìlànà kúkúrú tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí wọ́n bá fẹ́ ki rọ́bà sínú iṣan ńlá aláìsàn: fọwọ́, fi oògùn nu ara, bo gbogbo ara, wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, yọ rọ́bà náà ní kété tí a kò bá nílò rẹ̀ mọ́. Wọ́n sì fún nọ́ọ̀sì ní àṣẹ láti dá dókítà dúró bó bá fo ọ̀kan. Èsì tó jáde ní 2006 ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní ọ̀pọ̀ yàrá ìtọ́jú àkànṣe níbẹ̀. Ní 2008 Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ jáde, ohun 19 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ, láti Seattle dé Ifakara ní Tanzania. Ikú já láti 1.5 sí 0.8 nínú 100.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ontario ní Kánádà pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn máa lò ó, ìwádìí 2014 kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Ìwé kan náà ni o. Mo rò pé ohun tó sọnù lọ́nà kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún á fi àmì sí gbogbo àpótí, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Agbára ìwé yẹn wà nínú ìdúró mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, kí oorun tó kun aláìsàn, kí ọ̀bẹ tó kan ara, kí wọ́n tó gbé e jáde. Ní ìdúró kejì, gbogbo ẹni tó wà ní tíátà máa dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ẹni tó ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn fún un láti tún sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́.

Ibí yìí gan-an ló ti kan àwa Yorùbá. Ní 2005, ìyàwó Martin Bromiley, awakọ̀ òfúrufú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré. Lẹ́yìn tí oorun kùn ún, èémí kò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn dókítà tó mọṣẹ́ ń gbìyànjú ọ̀nà kan náà léraléra. Nọ́ọ̀sì kan ti gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń lu ọ̀fun wá, ó ní ó ti wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, kò sì mọ bó ṣe máa sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Obìnrin náà kú. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ènìyàn ti ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní John, kí ni kí a sọ nípa ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń kúnlẹ̀ kí dókítà àgbà? Ta ló máa là á mọ́lẹ̀ pé, “Ẹ má bínú sà, ẹsẹ̀ òsì ló wà nínú fáìlì”? Àwọn kan á ní àṣà wa ló ń pa wá. N kò gbà. Àṣà kan náà ló ní bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, kí ó kọ́kọ́ ní tótó ó ṣe bí òwe, àgbà á sì dá a lóhùn pé wàá rí òmíràn pa. Ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí tíátà kọ̀ọ̀kan nílò ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wọn ti jọ fẹnu kò lé lórí, tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó kéré jù bá sọ ọ́, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dúró. Ọ̀gá ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa lò ó fún òun.

Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù ní Áfíríkà ni ti ẹ̀jẹ̀ ìgbẹ̀bí. Láti ayébáyé, ojú ni a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára abiyamọ. Díẹ̀ wọ inú aṣọ, díẹ̀ dà sílẹ̀, díẹ̀ wà nínú abọ́, agbẹ̀bí á wò ó, á ní kò pọ̀. Ojú kì í sábà mọ̀ ọ́n títí ara ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nínú ìwádìí E-MOTIVE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìdí abiyamọ, ó ní àpò níwájú tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sí, ìlà ìwọ̀n sì wà lára rẹ̀. Bó bá ti kan ìlà tí wọ́n fàmì sí, kò sí àríyànjiyàn mọ́: fọwọ́ ra ilé ọmọ, fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, fún un ní oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, fi omi sí i lára, yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀, wọn kò dúró wo bóyá èyí àkọ́kọ́ máa ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn 80 ni wọ́n lò ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania, abiyamọ tó lé ní 200,000. Ìjàǹbá ẹ̀jẹ̀ dídà ńlá dínkù ní ìwọ̀n 60 nínú 100. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò ló ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nínú gbogbo èyí, kò sí oògùn tuntun kan. Ọ̀rá tó ní ìlà ló mú kí wọ́n tètè mọ̀.

Ohun tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà níhìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Fálàdé ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka, tó ń sọ bóyá afẹ́fẹ́ ń dé inú ẹ̀jẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn 12, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọmọ tí òtútù àyà ń dà láàmú lè máa wo ìyá rẹ̀ lójú kí afẹ́fẹ́ sì ti tán lára rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló ń tú u fó.

Ti oògùn ló ń bí mi nínú jù. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol. Ó dùn lẹ́nu, owó rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń fi í ṣe, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó jọ omi aládùn tí wọ́n fi ń po oògùn ọmọdé débi pé ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní 1937 ó pa ènìyàn tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà; ọdún kejì wọ́n ṣe òfin pé oògùn kankan kò gbọ́dọ̀ dé ọjà láìjẹ́ pé wọ́n fi hàn pé kò léwu. Ní 1990 ó wà nínú oògùn ibà olómi tó pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jọ́ọ̀sì. Ní 2008 sí 2009 ó tún yọjú nínú My Pikin, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n pò ní Èkó: àwọn ọmọ tí wọ́n fún mu kò lè tọ̀ mọ́, ó sì pa ju 80 lọ. Ní 2022 ó dé Gáḿbíà nínú oògùn ikọ́ tó ti India wá. Àyẹ̀wò tó máa fi í hàn kò ṣòro, kí ilé-iṣẹ́ yẹ gbogbo dúrọ́ọ̀mù wò kí ó tó dà á sínú ìkòkò ni. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, tí Dora Akunyili gbé dìde lẹ́yìn 2001, ṣe gudugudu méje lórí ayédèrú oògùn, a kò ní fi ìyẹn dù ú. Síbẹ̀, láàárín 1990 àti 2008, ọdún méjìdínlógún, ikú kan náà mọ ọ̀nà padà wá sí orílẹ̀-èdè kan náà.

Kí a má gbàgbé àwọn tó ń tọ́jú wa pẹ̀lú. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ní ilé ìwòsàn First Consultants kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn tó gbé e wọlé lọ, bí àwọn kan tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, òun náà wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ ìlera sì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o. Ilé ìwòsàn tí kò ní ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ààbò fún nọ́ọ̀sì kò lè ní ààbò fún aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oorun: àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti japa, àwọn tó kù ń fi ojú kan ṣọ́ wọ́ọ̀dù méjì.

Òfin kò wọ́n wa. National Health Act ti 2014 ní kí ilé ìwòsàn kankan má kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ní Èkó, HEFAMAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń mójú tó ilé ìwòsàn, ń yẹ wọ́n wò, ó sì ń ti àwọn tí kò kúnjú òṣùwọ̀n pa. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri kò sọ ohun tó pa ẹni tó kú lánàá.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló súnmọ́ ohun tí mò ń wí jù. Lẹ́yìn tí Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè fún ìtọ́jú aboyún ní 2009, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin ní 2010 pé gbogbo ikú aboyún àti abiyamọ ni kí wọ́n fi tó ìjọba létí, kí ìgbìmọ̀ sì wádìí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1952. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wá ẹni tó máa jìyà. Wọ́n á tẹ́ fáìlì kalẹ̀: aago mélòó ló dé, ta ló kọ́kọ́ rí i, ìgbà wo ni wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà, ẹ̀jẹ̀ wà ní báńkì àbí kò sí. Mo fẹ́ kí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo ilé ìwòsàn, lórí gbogbo ikú tí ẹnikẹ́ni kò retí, kì í ṣe ti abiyamọ nìkan.

Ibi tó ti nira ni òde ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ṣì ń bímọ ní ilé agbẹ̀bí àti ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, fáìlì kò sì sí níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa tẹ́ kalẹ̀. Oǹdó tún gbìyànjú ètò Agbẹ̀bíyè ní 2014, wọ́n ń fún àwọn agbẹ̀bí ní owó díẹ̀ bí wọ́n bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Ẹni tó lè mú aboyún wá lè mú ìròyìn ikú wá pẹ̀lú, bó bá ti dá a lójú pé ẹni tó ń gba ìròyìn náà kò ní kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.